Kí O Tó Lọ Gun Ìgbì ní Etíkun Ghana

Enugu Road,
Sabon Gari, Kano.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Rúkáyátù, Àdùkẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tó tún dà bí ìyá fún mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ náà kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọjọ́ tí mo ti pariwo mọ́ ọ lórí fóònù, kò bá mi sọ ju "oúnjẹ ti wà lórí tábìlì" lọ títí di ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Màá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ náà fún ọ kí lẹ́tà yìí tó parí.

Mi ò pè ọ́, nítorí mo mọ ara mi. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, màá tún pariwo. Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé láti kékeré, bí a bá fi Yorùbá pè ọ́, Hausa lo fi ń dáhùn. Ohun tí mo fẹ́ sọ, àárín àwọn tó ń sọ Yorùbá ló ti ṣẹlẹ̀ sí mi, mi ò sì lè rí i sọ ní èdè mìíràn. Kà á jẹ́jẹ́. Ibi tó bá ta kókó, kà á sókè, etí rẹ á gbọ́ ohun tí ojú rẹ ò rí.

Àgbà kì í sábà bẹ ọmọ rẹ̀ ní ilé tiwa yìí. Bàbá mi ò bẹ̀ mí rí títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́. Ìròyìn ayọ̀ lo pè láti sọ fún wa. O ní wọ́n ti fún ọ ní iṣẹ́ tuntun ní Èkó, pé oṣù tó ń bọ̀ lo máa bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ ti ń jó nínú ilé ìdáná pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà lo ní kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ mẹ́ta ń lọ sí abúlé apẹja kan ní Ghana láti lọ gun ìgbì pẹ̀lú pátákó, bí ẹ ti ń ṣe ní Tarkwa Bay ní Èkó lọ́jọ́ Àìkú. O ní omi ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́, pé ìgbì ibẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan: kékeré wà fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, èyí tó ń yí lọ gbọọrọ wà fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n díẹ̀, èyí tó ń fọ́ sórí àpáta sì wà lẹ́yìn òkè tó yọrí sínú òkun. Ìwọ lo ṣètò gbogbo rẹ̀, ilé tí ẹ máa sùn, mọ́tò tí yóò gbé yín láti ibodè, pátákó tí ẹ máa yá. Ohùn rẹ dùn bí ohùn ọmọdé lówùúrọ̀ ọdún Iléyá.

Mo ń tẹ́tí, Wallahi. Àfi ìgbà tí o dé orí ọ̀rẹ́ rẹ Táyọ̀. O ní, "Táyọ̀ never sabi swim well, but we go teach am there."

Ibẹ̀ ni mo ti dá ọ dúró. Mo ní, "Ta ni yóò kọ́ ọ? Ìwọ ọmọ Kano, tó jẹ́ pé omi gọ́tà lójò ni òkun tí o mọ̀ kí o tó pé ogún ọdún?"

O rẹ́rìn-ín. O ní, "Baba, kar ka damu."

Mo ní màá dààmú. Mo ní o ò lọ. Mo sọ àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí mi ò ní kọ síbí. Ìwọ náà wá sọ tìrẹ: "Baba, na your fear be that. No be my own." Mo sì pa fóònù mọ́ ọ létí.

Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Ìbẹ̀rù mi ni. Ṣùgbọ́n o ò mọ ibi tí mo ti rí i, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí títí di ọjọ́ Jímọ̀, ìyá rẹ pàápàá.

O mọ Bàbá France Road, Síkírù ọ̀rẹ́ mi tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ìránṣọ. O mọ bó ṣe máa ń yí etí ọ̀tún síni kó tó gbọ́ ohun tí a ń sọ. Nígbà tí o wà ní kékeré, o bi mí léèrè ìdí rẹ̀, mo ní ibà ló ṣe é. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Irọ́ kan náà ni èmi àti òun pa fún bàbá mi.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà. Bàbá mi, tó ń ta aṣọ ní Kantin Kwari, rán èmi àti Síkírù lọ sí Èkó láti lọ kó aṣọ ní Ìdúmọ̀tà. Ó ní, "Ẹ dé, ẹ kó o, ẹ wọ mọ́tò padà." A dé, aṣọ kò tíì jáde ní èbúté, wọ́n ní ká dúró ọjọ́ mẹ́ta. Ilé àbúrò bàbá mi la sùn sí. Àwọn ọmọ ilé náà jẹ́ ẹgbẹ́ wa, mẹ́rin ni wọ́n. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a dé ni wọ́n ti ń pè wá ní Gàmbàrí. Bí mo bá fẹ́ sọ pé "ó tó", "ya isa" ló ń bọ́ lẹ́nu mi, wọ́n á sì máa yí gbirigbiri lẹ́rìn-ín. Ní Kano, Bayarabe, ọmọ Yorùbá, ni wọ́n ń pè mí. Ní Èkó, tí mo rò pé màá ti jẹ́ ọmọ ilé, mo di Gàmbàrí. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú wọn ní, "Gàmbàrí ò lè wọ òkun, á yọ́ bí iyọ̀."

Síkírù dáhùn pé, "Àwa? Àwa tí à ń lúwẹ̀ẹ́ la odò Challawa já nígbà òjò?"

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la dé odò Challawa. Omi tí a wọ̀ níbẹ̀ ò kọjá àyà wa. Mo gbọ́ irọ́ náà, mo sì fi tèmi tì í lẹ́yìn. Mo ní, "Lójoojúmọ́."

Ìdí nìyẹn tí àwa mẹ́fà fi wọ mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, a kọjá Badagry, a dé etíkun kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Bàbá apẹja kan jókòó lábẹ́ igi àgbọn, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó rí wa bí a ti ń bọ́ aṣọ. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má gba ibẹ̀ yẹn wọ̀ ọ́." Ó nawọ́ sí àárín ìgbì méjì, níbi tí omi ti dákẹ́ rọ́rọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ló dára jù. Bàbá náà ní, "Ibi tí ìgbì ti ń pariwo, ó ń bá yín bọ̀ wá sílé. Ibi tó dákẹ́, ó ń jáde lọ."

Ègùn ni, ó ń fi ohùn fa Yorùbá rẹ̀. A sín in jẹ, a rẹ́rìn-ín. Àwa tí wọ́n fi Yorùbá wa ṣe yẹ̀yẹ́ lánàá, a ti rí ẹni tí àwa náà máa fi tirẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. A sì gba ibi tó dákẹ́ wọlé.

Àdùkẹ́, omi dé orúnkún mi, ó dé ìdí, ó dé àyà. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mi ò yọ̀, mi ò ṣubú. Ilẹ̀ kàn kúrò ni. Mo bojú wẹ̀yìn, àwọn ọmọ Èkó tó dúró létí omi ti kéré. Mo kọjú sí wọn, mo ń fi ọwọ́ gbá omi pẹ̀lú gbogbo agbára mi, bí mo sì ti ń gbá a ni wọ́n túbọ̀ ń kéré. Mi ò mọ̀ pé omi lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ẹni tó bá lágbára, tó bá kọjú sílé, á délé.

Ìgbà yẹn ni Síkírù di ọrùn-ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Sàlíù, má fi mí sílẹ̀!" Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó rí àyè sọ nìyẹn. Ó wúwo. Mo rì, mo mu omi, mo yọrí. Mo tún rì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fi ọwọ́ kejì di ìka rẹ̀ mú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn kúrò lára mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mi ò ní sọ fún ọ pé òòyì kọ́ mi, tàbí pé ìgbì ló yà wá. Mo tú ìka ọ̀rẹ́ mi kúrò lọ́wọ́ mi nínú omi, mo sì rí i bó ṣe ń lọ.

Agbára tèmi náà ti tán. Mi ò lè gbá omi mọ́, mo kàn sùn lé e lórí, mo ń retí ikú. Omi gbé mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé mi jìnnà sí ibi tó ń fà, ìgbì kan wá gbá mi wá sórí yanrìn. Mi ò ṣe ohunkóhun. Àìlágbára mi ló gbà mí là.

Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, bàbá apẹja náà àti àbúrò rẹ̀ ti ti ọkọ̀ wọn sínú omi. Wọ́n pẹ́. Láyé mi, mi ò tíì rí ohun tó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé Síkírù dé, ètè rẹ̀ ti dúdú. Wọ́n dà á dojú bolẹ̀, wọ́n tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi bì, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọ tuntun. Omi tó wọ̀ ọ́ létí di egbò lẹ́yìn náà, etí òsì sì dí pátápátá.

Bàbá apẹja ò bú wa. Ọ̀rọ̀ kan péré ló bi wá: "Ta ló mọ̀ nílé yín pé ẹ wà níbí?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí àwa méjèèjì bá ti kú lọ́jọ́ náà, Ìdúmọ̀tà ni bàbá mi ì bá ti máa wá wa kiri títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Mo ti jìn, ọmọ mi. Gbọ́ ohun tí mo rí nísàlẹ̀ kòtò náà.

Èkíní, bí ẹ bá dé abúlé yẹn, kí ẹ tó já ẹrù, ẹ lọ kí àwọn tó ni omi. Kì í ṣe ẹni tó ń yá yín ní pátákó ni mò ń sọ, apẹja ni. Fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ kí wọn bí ọmọ tí a kọ́. Bi wọ́n léèrè ibi tó ń fà, bi wọ́n bó ṣe máa ń rí bí omi bá ń kún àti bó bá ń fà. Má bi ẹnì kan ṣoṣo. Bí èdè wọn bá ṣòro fún ọ, má rẹ́rìn-ín, wá ẹni tó máa túmọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jókòó sórí yanrìn ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ máa wo omi láìfi ẹsẹ̀ kàn án. Mo mọ̀ pé ara yín á máa yún yín. Ẹ jẹ́ kó yún yín.

Èkejì. Bí omi bá fà ọ́, má bá a jà. Má kọjú sílé. Gba ẹ̀gbẹ́, máa bá etí omi lọ títí tí kò fi ní fà ọ́ mọ́, kí o tó yà wọlé. Ìwọ á sọ pé wọ́n ti kọ́ ọ ní Tarkwa Bay. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òmùwẹ̀ ní í bá omi lọ, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ kì í débẹ̀. Má fi pátákó rẹ sílẹ̀ láé, òun ni ọkọ̀ rẹ. Okùn tí ẹ fi ń so ó mọ́ kókósẹ̀, máa fi ọwọ́ ara rẹ yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀, má ní "ó dára lánàá". Okùn tí a fi ń di ìdì aṣọ ní Kantin Kwari, ó máa ń dára lánàá kó tó já lónìí.

Ẹ̀kẹta, Táyọ̀. Ibí gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn, ìdí tí mo fi pariwo sì nìyẹn.

Àdùkẹ́, ìwọ lo ṣètò ìrìn-àjò yìí. Ẹni tó bá pe èèyàn wá sídìí omi ti gba ẹ̀mí èèyàn náà sọ́wọ́, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Mo bẹ̀ ọ́, kí Táyọ̀ kọ́ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́ ní Èkó kí ẹ tó lọ, nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tó ní ìsàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, lọ́dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́, kì í ṣe lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́. Bí kò bá tíì mọ̀ ọ́n nígbà tí ọjọ́ bá pé, kó bá yín lọ, kó jẹ ẹja, kó dúró síbi tí omi ò kọjá orúnkún. Bó bá sì bínú, kó bínú. Ìbínú ọ̀rẹ́ máa ń tán.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ó bọ́ síbi tó jìn, tí o sì wà nítòsí, pátákó ni kí o tì sí i. Má fún un lọ́wọ́. Kó di pátákó mú, kí ìwọ náà di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. Ẹni tó ń rì kì í mọ ọ̀rẹ́, ẹni tí wọ́n dì mú kì í sì í mọ̀ ọ́n pẹ́. Mi ò fẹ́ kí o mọ irú èèyàn tí o jẹ́ níbi tí mo ti mọ irú èyí tí èmi jẹ́. Sọ gbogbo èyí fún un lórí ilẹ̀, ní ojúkojú, kí gbogbo yín gbọ́. Ohun tí a ò bá sọ lórí ilẹ̀, kò sí àyè láti sọ ọ́ nínú omi.

Lẹ́yìn èyí, má ṣe wọ ìgbì kankan nítorí ẹnu èèyàn. Èyí tí o ní ó ń fọ́ sórí àpáta lẹ́yìn òkè, mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yẹn. Ìgbì tó pé oríṣi mẹ́ta ní etíkun kan, bí ọjà ni: kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n pàtẹ ni wọ́n pàtẹ fún ọ. Bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Bí àwọn mẹ́ta yòókù bá kọjá sẹ́yìn òkè, tí inú rẹ bá sọ pé rárá, jókòó. Wọ́n á pè ọ́ ní ojo. Wọ́n á pè ọ́ ní ọmọ Kano. Dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ Kano ni mí, ẹ kú ìgbádùn. Ká ní mo lè sọ bẹ́ẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, Síkírù ì bá ní etí méjì.

Kí o sì jẹ́ kí a mọ ibi tí o wà. Orúkọ abúlé, orúkọ onílé, nọ́mbà ẹnì kan níbẹ̀ tí kò ní bá yín wọ omi. Bí o bá ń wọlé sómi, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ. Bí o bá jáde, tún fi ránṣẹ́. Kò ní láti gùn. "Na fito", mo ti jáde, tó o. Nípa aṣọ tí ẹ ń wọ̀ wọ omi, ìyá rẹ ní kí n má sọ ohunkóhun. Mi ò sọ ohunkóhun.

Wàyí o, ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí a jáde ní mọ́sáláṣí, dípò kí n yà sílé, ẹsẹ̀ gbé mi lọ sí France Road. Síkírù jókòó, ó ń tú orí ẹ̀rọ ìránṣọ kan. Mo jókòó tì í lápá ọ̀tún.

Mo ní, "Rúkà fẹ́ lọ gun ìgbì lórí òkun, ní Ghana."

Ó gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Rúkà wa?"

"Òun ni. Mo ti ní kò lọ." Mo fà súnmọ́ etí ọ̀tún rẹ̀. "Síkírù, ọjọ́ yẹn."

"Ọjọ́ wo?" Ó mọ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Mo tú ìka rẹ. Omi kọ́ ló yà wá. Èmi ni mo tú wọn."

Oníbàárà kan dé, ó bèèrè abẹ́rẹ́; Síkírù tà á fún un, ó sì ka ṣẹ́ńjì fún un. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mẹ́ta."

"Kí ni mẹ́ta?"

"Mẹ́ta lo tú. Ìkẹrin, èmi fúnra mi ni mo tú u. Mo rí ojú rẹ, Sàlíù. Mo ní bí mo bá dì í mú, àwa méjèèjì la máa lọ, kò sì ní sẹ́ni tí yóò délé sọ ibi tí òkú wa wà."

Ogójì ọdún ó lé ọ̀kan rèé, ọmọ mi. Mo bo ojú mi nínú ṣọ́ọ̀bù náà lọ́sàn-án gangan. Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ fún mi?"

Ó ní, "Ìwọ ńkọ́, kí ló dé tí o ò bi mí?" Kò rẹ́rìn-ín. "Má rò pé mi ò bínú o. Mo bínú fún ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, mo rántí pé o rìnrìn-àjò, mo sì sọ ọmọ náà lórúkọ kí o tó dé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni."

Mo ní, "Mo mọ̀."

Ó ní, "Ó ti tán. Ìwọ gbọ́, ọmọ yẹn, ṣé o ti rí i nínú omi rí?"

Mo ní rárá.

"Èmi àti ìwọ ò mọ nǹkan kan nígbà tiwa, irọ́ la gbé wọ omi. Ó lè jẹ́ pé òun mọ̀ ọ́n. Lọ wò ó. Bí o bá wò ó tán, tí o ní kò lè lọ, màá bá ọ bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Ṣùgbọ́n má fi ojú tèmi rí i."

Mo dé ilé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ. Ó fi ọwọ́ lé orí. Ó ní, "Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbé pẹ̀lú rẹ." Lẹ́yìn náà ló bu omi fún mi, ó sì jókòó tì mí títí mo fi mu ún tán.

Ohun tí mo pinnu rèé. Ìyá rẹ yóò fi fóònù ya lẹ́tà yìí lójú ewé kọ̀ọ̀kan, yóò fi ránṣẹ́ sí ọ lónìí. Èmi ti gba tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò Èkó. Ọjọ́bọ̀ ni màá gbéra, bí Allah bá fẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú, màá bá ọ lọ sí Tarkwa Bay. Mo gbọ́ pé kò sí ọ̀nà orí ilẹ̀ tí èèyàn ń gbà débẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni. Láti ọjọ́ Badagry, mi ò tíì wọ ohun tó ń léfòó. Màá wọ̀ ọ́. Ìyá rẹ ní kí wọ́n fún mi ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kí wọ́n fún mi ní méjì.

Mú Táyọ̀ wá, mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ fúnra mi. Wọ omi lójú mi. Má ṣe àṣehàn fún mi, má sì ṣe kékeré nítorí mi. Ṣe bí o ti máa ń ṣe. Bí o bá jáde, a ó jókòó, màá sọ èrò mi fún ọ, ìwọ náà á sọ tìrẹ. Mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ. Mi ò fẹ́ tàn ọ́, ó lè jẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ rárá, yóò jẹ́ lẹ́yìn tí mo ti rí ọ.

Kí Ọlọ́run Ọba fi ìṣọ́ rẹ̀ ṣọ́ ọ lórí ilẹ̀ àti lórí omi. Kí iṣẹ́ tuntun náà gbé ọ ga. Kí ojú má tì mí lórí rẹ, kí ojú má tì ọ́ lórí mi.

Ohun kan ló kù. Nígbà tí o bá wà nínú omi lọ́jọ́ Àìkú, tí mo bá dìde, tí mo pariwo, tàbí tí o rí i pé mo yí ẹ̀yìn padà, má wò mí. Ìgbì ni kí o máa wò.

Èmi ni,
Sàlíù, bàbá rẹ.